Ìmọ́lẹ̀ Láti Inú Ààtàn

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí lè dà bí ohun àbùkù létí ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ààtàn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a tọ́ ní abúlé nínú wa tí kò mọ̀ pé ààtàn kì í ṣe òpin ohun gbogbo. Ní ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi, níbi tí a ń da ilẹ̀ sí láràárọ̀, ni tẹ̀tẹ̀ tí ó tutù jù lọ ní agbo ilé wa ti ń hù, níbẹ̀ ni igi ìbẹ́pẹ sì ti ń so láìsí ẹni tí ó gbìn ín. Ohun tí a dànù ní òní a máa padà wá sínú ìkòkò wa lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Àwọn baba wa a máa wí pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohunkóhun tí a bá gbé lọ bá a ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá ààtàn ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè bí àwọn náà bá gbà?

Ó sún mọ́ 130 ọdún báyìí tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà láti fi pàǹtí ṣe iná mọ̀nàmọ́ná. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti gbà. Àwọn kan sun pàǹtí náà. Àwọn kan gba afẹ́fẹ́ tí ń jáde nígbà tí pàǹtí bá ń rà. Àwọn mìíràn ṣa irin àti wáyà inú rẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ tuntun. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa bi ìtàn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni ó rí ìmọ́lẹ̀ náà, ta sì ni ó fa èéfín rẹ̀ símú?

I. Àwọn tí ó sun pàǹtí

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ayé Ọbabìnrin Victoria. Ní àkókò náà ẹ̀ẹ́dú ni gbogbo ilé fi ń dáná, ìbáà ṣe láti se oúnjẹ, ìbáà ṣe láti lé òtútù lọ. Nítorí náà eérú àti ẹ̀ẹ́dú tí kò jó tán ni ó pọ̀ jù lọ nínú pàǹtí wọn. Àwọn akólẹ̀ a máa fi kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà kó o lọ sí àgbàlá ńlá, níbi tí àwọn obìnrin tí eruku ti bò láti orí dé ẹsẹ̀ ti ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Èyí tí ó kúnná a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń mọ bíríkì; akísà, egungun àti irin àlòkù náà sì ní oníbàárà tiwọn. Ẹ rí i pé kì í ṣe òní ni ọmọ aráyé mọ̀ pé owó wà nínú ààtàn. Ṣùgbọ́n bí ìlú ti ń tóbi sí i ni pàǹtí ń pọ̀ sí i, àwọn tí ń rà á kò sì tó mọ́. Ó wá di pé àwọn aláṣẹ àdúgbò ni ó ń sanwó kí a tó bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀.

Ní ọdún 1874, ní ìlú Nottingham, a kọ́ ìléru kan tí a dìídì ṣe fún sísun pàǹtí, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alfred Fryer ti pète rẹ̀. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá nígbà náà; kí ẹ̀gbin kúrò lójú ni wọ́n ń fẹ́. Ṣùgbọ́n iná tí ń jó tọ̀sán tòru kò lè ṣàì mú ọlọ́gbọ́n ronú. Bí iná bá wà, a lè fi se omi; bí omi bá hó, ooru rẹ̀ a ní agbára láti yí irin; bí irin bá sì ń yí, a lè mú kí òòfà máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bàbà, iná mọ̀nàmọ́ná yóò sì máa sàn nínú wáyà náà. Michael Faraday ti fi ẹ̀kọ́ òòfà àti wáyà yìí hàn ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1831. Ó kù kí ẹnì kan so ìléru pàǹtí mọ́ ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná.

Lára àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ kàn jù lọ ni Shoreditch, ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn tálákà pọ̀ sí tí ilé sì há mọ́ra. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1897, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ayẹyẹ ńlá tí a fi sàmì 60 ọdún Ọbabìnrin Victoria lórí ìtẹ́, ni Lord Kelvin wá ṣí ilé iṣẹ́ náà. Àgbà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni ọdún 73 ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Lára ògiri ilé náà ni wọ́n kọ gbólóhùn èdè Látìn kan sí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé láti inú eruku ni ìmọ́lẹ̀ àti agbára ti jáde. Pàǹtí àdúgbò ni wọ́n ń sun níbẹ̀; ooru rẹ̀ ń ṣe iná mọ̀nàmọ́ná, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù nínú ooru náà ń mú omi gbóná fún ilé ìwẹ̀ gbogbo ènìyàn tí ó wà nítòsí. Ohun tí ìyá kan gbá jáde nínú ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ lè padà wá bí ìmọ́lẹ̀ ní òpópónà rẹ̀ ní alẹ́, tàbí bí omi gbígbóná tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi wẹ̀. Mo gbà pé ayọ̀ wọn ní ọjọ́ náà tọ́.

Ṣùgbọ́n òpìtàn kò gbọdọ̀ dúró síbi ìṣílé. Ó ní láti padà wá wo ilé náà lẹ́yìn tí àwọn onílù bá ti lọ.

Ohun méjì ni yóò rí. Èkíní ni pé ẹ̀ẹ́dú tí kò jó tán ni ó mú kí pàǹtí Shoreditch gbiná dáadáa. Bí àwọn ènìyàn ti wá ń fi gáàsì àti iná mọ̀nàmọ́ná rọ́pò ẹ̀ẹ́dú nínú ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ irú ìléru bẹ́ẹ̀ ń dínkù. Ìmọ́lẹ̀ tí ó jáde láti inú eérú ni ó bá wọn lé eérú náà lọ. Iṣẹ́ ìléru náà dópin nígbà tí ó yá. Ilé náà kò wó, ní àwọn ọdún 1990 ó sì di ibi tí a ti ń kọ́ni ní eré òkìtì.

Èkejì ni èéfín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín ẹ̀ẹ́dú dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó sì bo Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń rìn lọ́sàn-án kò fi rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbòmíràn. Ó kéré tán, 4,000 ènìyàn ni ó bá a lọ. Èmi kò sọ pé ìléru pàǹtí ni ó fa èyí. Ẹ̀ẹ́dú inú ilé àti ti ilé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà la ojú ìjọba, wọ́n sì ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní ọdún 1956. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1977, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands rí májèlé kan tí a ń pè ní dioxin nínú eérú tí ń bá èéfín ìléru pàǹtí jáde. Nígbà tí a bá sun àwọn ike kan ní ìsunkúsun ni májèlé yìí máa ń wáyé. A máa bọ́ sórí koríko, ẹran a jẹ ẹ́, a wọ inú ọ̀rá àti wàrà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń dé ara ènìyàn, àní dé inú ọmú tí ìyá ń fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó lábẹ́ iná lè má mọ ohun kan nípa rẹ̀ rárá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀fúùfù ni ó ń san gbèsè náà.

Nítorí ìdí yìí ni ìléru pàǹtí òde òní, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Copenhagen ní ọdún 2017, fi ní ẹ̀rọ tí ń sẹ́ èéfín kí ó tó jáde, tí ẹ̀rọ náà sì ń gba àyè àti owó púpọ̀. Ẹni tí ó bá ra ìléru láìra asẹ́ èéfín, kò tí ì ra ohun tí a lè pè ní mímọ́.

Ọ̀nà yìí ti dé ilẹ̀ Áfíríkà náà. Ní Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia, ààtàn ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Koshe. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2017, òkè pàǹtí náà ya lulẹ̀ sórí àwọn ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì pa ju 100 ènìyàn lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni a ṣí ilé iṣẹ́ Reppie níbẹ̀, tí a pète pé kí ó máa sun 1,400 tọ́ọ̀nù pàǹtí lójúmọ́ kí ó sì fi ṣe iná mọ̀nàmọ́ná. Kò sí ẹni tí ó rántí àwọn tí ó kú tí kò ní fẹ́ kí irú òkè bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a rántí pé pàǹtí tiwa kò dà bí ti Shoreditch. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé àti ẹ̀fọ́ tí ó ti bàjẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi sì ni ó kún inú wọn. Ohun tí omi kún inú rẹ̀ kò ní jó àfi bí a bá kọ́kọ́ fi ooru gbẹ ẹ́; ooru tí a bá sì ná báyìí kò ní di ìmọ́lẹ̀ mọ́.

II. Àwọn tí ó gba afẹ́fẹ́ inú rẹ̀

Ohun tútù tí ó kọ̀ láti jó kò ní kọ̀ láti rà. Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ inú rẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú kò lè rí a máa jẹ ẹ́, gáàsì kan tí a ń pè ní methane a sì máa jáde, tí ń jó bí a bá fi iná sí i. Ní ọdún 1895, ọdún méjì ṣáájú ìṣílé Shoreditch, Donald Cameron, tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ fún ìlú Exeter ní Ìlú Ọba, kọ́ àgbá ńlá kan tí a bò lórí fún omi ẹ̀gbin ìlú. Gáàsì tí ó jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi tan àtùpà níbi iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí gbogbo ènìyàn ń yí imú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe di fìtílà.

Ìran tí ó tẹ̀lé wọn mú gáàsì náà, wọ́n fi yí ẹ̀rọ tí ń ṣe iná mọ̀nàmọ́ná. Ní Durban, ní ilẹ̀ South Africa, ààtàn Mariannhill bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iná bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn náà ní ààtàn Bisasar Road ní ìlú kan náà. Iṣẹ́ rere ni, nítorí bí gáàsì yìí bá jáde lọ sójú ọ̀run láìjó, agbára rẹ̀ láti mú kí ayé gbóná ju ti èéfín lásán lọ ní ìlọ́po 25 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún béèrè ìbéèrè wa. Ní ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè, ni wọ́n ṣí ààtàn Bisasar Road sí àárín àdúgbò tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà pọ̀ sí. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Sajida Khan ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí a ti ààtàn náà pa. Nígbà tí a mú ètò gáàsì wá, ó ta kò ó, nítorí ó rí i pé bí a bá ti ń rí owó nínú ààtàn náà, àwọn aláṣẹ yóò ní ìdí láti má ti í pa. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á ní ọdún 2007, òun fúnra rẹ̀ sì gbà títí dé ojú ikú pé ààtàn náà ni ó kó o ràn òun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pè é ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ohun tí ó ń sọ kò ṣòro láti lóye: ìmọ́lẹ̀ yóò lọ sí gbogbo ìlú, òórùn yóò kù sí ilé òun.

III. Ẹni tí ó tún un kọ́

Ọ̀nà kẹta kò bẹ̀rẹ̀ ní ìlú ńlá, kò sì sí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wá ṣí i. Ní ilẹ̀ Malawi, ní agbègbè Kasungu, ìyàn ńlá mú ní ọdún 2001 wọ 2002. Ọmọkùnrin àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ William Kamkwamba, ẹni ọdún 14, fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí pé òbí rẹ̀ kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, ó ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré kan ní Wimbe. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìwé kan tí ó ní àwòrán ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tí ì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi àwòrán túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó sì rò nínú ara rẹ̀ pé bí ẹnì kan bá ti kọ́ irú èyí níbì kan, òun náà lè kọ́ ọ.

Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀; ààtàn irin ni ó gbà lọ. Ó rí abẹ̀bẹ̀ katakata àti àwọn irin ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́. Ó lo egungun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ tí kò ṣe é gùn mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Gilbert bá a ra dáínámò kékeré tí ń tan iná kẹ̀kẹ́. Ó mú ọ̀pá omi oníke, ó fi iná rọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fi ṣe apá tí afẹ́fẹ́ yóò máa tì. Ẹ kíyè sí èyí: irú ike tí ń fa májèlé bí a bá sun ún ní ìsunkúsun ni ó di apá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ó fi igi gbé e sókè. Àwọn ará abúlé ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú, títí di ọjọ́ tí ó gun òkè lọ tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́, tí gílóòbù kékeré ọwọ́ rẹ̀ tàn lójú gbogbo wọn.

Agbára ẹ̀rọ náà kò ju wáàtì 12 lọ. Síbẹ̀ ó tan gílóòbù mẹ́rin nínú ilé bàbá rẹ̀, ó sì mú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì sọ̀rọ̀, níbi tí ó jẹ́ pé àtùpà tí ń rú èéfín ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Rọ́bà sálúbàtà àtijọ́ ni ó fi ṣe ibi tí a ń tẹ̀ kí iná tó tàn. Ní ọdún 2007 ó sọ ìtàn rẹ̀ ní ìpàdé ńlá kan ní Arusha, ní ọdún 2009 a tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ní ọdún 2014 ó sì gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìkí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí mo ti ròyìn rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, èyí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ kò fi èéfín ránṣẹ́ sí aládùúgbò kankan.

IV. Ohun tí ìtàn náà kọ́ wa

Ẹ̀yin ará, èmi kò ní tàn yín jẹ. Wáàtì 12 kò lè gbé ilé ìwòsàn, kò sì lè mú ilé iṣẹ́ ṣiṣẹ́. Ìlú tí pàǹtí rẹ̀ ń ga bí òkè kò lè fi abẹ̀bẹ̀ katakata yanjú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ètò wà. Irin, wáyà àti ike tí ó ṣì ní ìlò, kí a kọ́kọ́ tún wọn lò. Ohun tútù tí ń rà, kí a sọ ọ́ di ajílẹ̀ tàbí kí a gba gáàsì inú rẹ̀ nínú àgbá tí a bò dáadáa. Kìkì ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni kí a gbé lọ sí ìléru, bí ìléru náà bá ní asẹ́ èéfín tí ó péye. Ìlú tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìléru ti gba ẹ̀yìn wọ ilé. Yóò sun ohun tí ó níye lórí, yóò sì tún sun omi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1992 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí Èkó sí ààtàn Olúṣòṣùn ní Ọ̀jọ́ta. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018 iná mú un, èéfín sì bo àwọn ilé tí ó yí i ká. Iná jó nítòótọ́, ṣùgbọ́n kò tan gílóòbù kan ṣoṣo. Láàrin ilé wa pàápàá, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ń ké lẹ́nu fèrèsé, èéfín rẹ̀ sì ti pa odindi ìdílé rí níbi tí wọ́n ti sùn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára tí a kò sì kìlọ̀ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí fún ìlú yín pé òun yóò fi pàǹtí ṣe iná, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì ṣe sáré pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ ó ti wọn iye omi tí ó wà nínú pàǹtí wa? Níbo ni èéfín yóò gbà, kí ni yóò sì sẹ́ ẹ? Àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ibẹ̀, ṣé wọn yóò wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ náà?

Ní ti ilé wa, agbọ̀n méjì ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ní: ọ̀kan fún ohun tí ń rà, ọ̀kan fún ohun tí kì í rà. Kì í ṣe àṣà àjèjì. Ìyá ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ju ìgò tàbí agolo sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, yóò rán an padà kí ó lọ mú un wá. Ìgò jẹ́ ti epo, agolo jẹ́ ti wíwọn ẹ̀wà. Ohun tí ilẹ̀ lè jẹ nìkan ni ó ń fún ilẹ̀. Nítorí náà ni tẹ̀tẹ̀ fi hù níbẹ̀, tí a sì jẹ ẹ́ láìsí àìsàn.